Bí A Ṣe Ń Lo Orí Ẹ̀gbẹ́ Lórí Mílìn Olóòró

Wọ́n gbé ṣáfútù kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gùn ní 900 mìlímítà, ó sì nípọn ní 50. Ẹni tó ni ín fẹ́ kí n la sílọ́ọ̀tì gba àárín ojú orí rẹ̀ kọjá, kí ó fẹ̀ ní 12 mìlímítà, kí ó jìn ní 10, kí ahọ́n kọ́pílìn, ohun tó ń so ṣáfútù méjì pọ̀, lè wọ ibẹ̀. Lójú ẹni tí kò bá wa ṣe iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ rẹ tábìlì mílìn mi (ẹ̀rọ tó ń fi kọ́tà, ohun ìgé tó ń yí, gé irin) wálẹ̀ títí kò fi níbi tó ń lọ mọ́, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu sípíńdù, ọ̀pá tó ń yí kọ́tà, kò tó ìdajì mítà. Ṣáfútù náà kò lè nàró síbẹ̀. Àfi kó sùn sórí tábìlì, kí kọ́tà wá bá a láti ẹ̀gbẹ́.

Orí ẹ̀gbẹ́ ni mo máa pè é níbí, àwọn ọ̀gá wa ń pè é ní right-angle head. Àpótí irin kan ni, gíà méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dábùú ara wọn, bíi ti inú àkùsù ẹ̀yìn mọ́tò. Sípíńdù ẹ̀rọ ń yí gíà ti òkè, ti òkè ń yí ti ẹ̀gbẹ́, kọ́tà sì wà lẹ́nu ti ẹ̀gbẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, eyín gíà méjèèjì dọ́gba, nítorí náà iye ìyípo tó wọlé náà ló ń jáde.

Mílìn tí mò ń fi ọ̀rọ̀ mi bá wí ni oríṣi Bridgeport, tí wọ́n sọ lórúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é ní Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Rudolph Bannow àti Magnus Wahlstrom ló gbé e jáde ní 1938, gbogbo ayé sì ti ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí mílìn yín bá ní orí tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí ọwọ́ tó gbé orí náà sì ń sún síwájú sẹ́yìn, bóyá tòkunbọ̀ ni tàbí tuntun láti Taiwan, ìtọ́sọ́nà yìí bá a mu.

Ṣé ẹ nílò rẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè yìí, nítorí orí Bridgeport fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ títí yóò fi sùn gbalaja ní 90 dígírì. Bí ibi tí ẹ fẹ́ gé bá gbòòrò, tí orí náà sì lè dé ibẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó lágbára ju orí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí lọ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé orí náà wúwo pẹ̀lú mọ́tò iná tó wà lórí rẹ̀, àti pé nígbà tí ẹ bá dá a padà ẹ ó tún fi dial gauge, aago tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré, tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orí ẹ̀gbẹ́ dára níbi tó há: ojú orí ṣáfútù gígùn, ẹ̀gbẹ́ inú àpótí gíà, inú ihò ńlá tí ọwọ́ lè wọ̀. Ṣùgbọ́n kò lágbára. Ẹ má ronú pé ẹ ti di oní-mílìn méjì. Gíà inú rẹ̀ kéré, bíárìn rẹ̀ kéré, ó sì so mọ́ ẹ̀rọ ní ibì kan ṣoṣo. Ohun tí mílìn gé lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí òun gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wọn quill yín. Quill ni ọ̀pá oníhò tó ń sọ̀ tó ń gòkè, tí sípíńdù wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ni orí ẹ̀gbẹ́ máa ń dì mọ́. Lórí Bridgeport olórí J, ó nípọn ní íǹṣì 3 àti 3/8, ìyẹn 85.7 mìlímítà. Àwọn ti àtijọ́ àti àwọn àfarawé kan yàtọ̀, nítorí náà kàlípà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Ẹ wo irú ihò tó wà nínú sípíńdù pẹ̀lú: R8 ló wọ́pọ̀, drawbar rẹ̀, ìyẹn bóòtù gígùn tó ń ti òkè fa ohun tó wà nínú sípíńdù mú, a sì máa nípọn ní íǹṣì 7/16, pẹ̀lú eyín sukúrúù 20 nínú íǹṣì kan.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, àárín ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí i. Ó mọ́ tónítóní, gíà rẹ̀ ń yí wọ́rọ́wọ́, mo sì ná an débi tí ara mi yá gágá. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ẹnu rẹ̀ fi mìlímítà márùn-ún tóbi ju quill mi lọ. Dípò kí n dúró, mo gé agolo mílíìkì, mo wé e mọ́ quill ní ìpele bíi méjìlá, mo fún bóòtù pa. Ó dúró gbọin lójú. Ìgbà kejì tí end mill, kọ́tà tó rí bí ọ̀pá tó ní eyín lẹ́nu àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bu irin jẹ, orí náà yí mọ́ ara quill lójijì, ó sì fa end mill gbọọrọ gba ara irin oníbàárà kọjá. Èmi ni mo ra irin mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi alumíníọ̀mù ṣe búùṣì, òrùka tó ń dí àlàfo, lórí lẹ́ẹ̀dì (ẹ̀rọ tó ń yí irin ká láti gé e róbótó), tí ara rẹ̀ nípọn ní 2.5 mìlímítà, mo là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè fún mọ́ quill dáadáa. Búùṣì yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní.

Ẹ di ẹ̀yìn orí náà mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mi sípíńdù rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Gíà méjèèjì yóò ṣeré díẹ̀ láàárín eyín wọn, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí sípíńdù bá ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ yín ni kí ẹ má rà á, bíárìn ti lọ.

Bí a ṣe ń gbé e sórí ẹ̀rọ

Orí ńlá, ìyẹn orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́. Ẹ fi dial gauge sí sípíńdù, kí ẹ yí i ká lórí tábìlì, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba. Ẹni tó bá fo èyí á máa fi orí ẹ̀gbẹ́ wá àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ pa iná láti ìdí, kì í ṣe láti ara ẹ̀rọ nìkan. Ẹ fi àkísà nu inú sípíńdù, kí ẹ fi ìka yín yí inú rẹ̀ ká, èérún irin kan ṣoṣo níbẹ̀ á ba gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán jẹ́. Ẹ fi ọ̀pá tó ń gbé agbára wọ orí ẹ̀gbẹ́ sínú sípíńdù, kí ẹ fa drawbar mú un. Ẹ rẹ quill wálẹ̀ níwọ̀n tí ẹnu orí náà fi lè gbá ara rẹ̀ mú, kí ẹ sì tì í pa.

Orí ẹ̀gbẹ́ wúwo, ẹ má fi ọwọ́ gbé e sókè kí ẹ tún máa fi ọwọ́ kan náà wá bóòtù. Ẹ gbé igi pẹlẹbẹ sórí tábìlì, kí ẹ gbé orí náà lé igi, kó wà lábẹ́ sípíńdù gan-an. Kí ẹ wá máa yí ọwọ́ tábìlì sókè díẹ̀díẹ̀, tábìlì ni yóò gbé e wọ quill fún yín. Bó bá dé ibi tí ọ̀pá àti gíà ti fẹ́ pàdé tí kò wọ̀, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ fi ọwọ́ yí sípíńdù díẹ̀, yóò bọ́ sí ojú ihò rẹ̀.

Nígbà tó bá ti jókòó, ẹ fún bóòtù rẹ̀ ní dídọ́gba, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ nìyí: quill kì í ṣe ọ̀pá gidi, inú rẹ̀ ṣófo, bíárìn tó ní iyì ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi páìpù fa sípánà gùn kí ẹ lè fún un, ẹ ń há bíárìn mọ́ ni. Kí ẹ tó fún un, ẹ fi ọwọ́ yí sípíńdù, kí ẹ gbọ́ bó ṣe rọ̀ sí. Lẹ́yìn tí ẹ fún un tán, ẹ tún yí i. Bó bá ti le sí i, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ìhà wo ló ń yí sí?

Ibí yìí ni end mill ti ń kú jù, nítorí nǹkan mẹ́ta ló lè yí i padà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni gíà inú orí ẹ̀gbẹ́: bí ẹni tó ṣe é ṣe to gíà méjèèjì ló máa sọ bóyá yóò dá ìyípo padà tàbí kò ní dá a padà. Èkejì ni gíà ìyára kékeré lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lórí Bridgeport, bí ẹ bá kúrò ní ìyára ńlá bọ́ sí ìyára kékeré, sípíńdù á yí sí òdìkejì, ìdí nìyẹn tí súwíìṣì rẹ̀ fi ní ojú méjì. Ẹ̀kẹta, tiwa ni ní Nàìjíríà. Bí iná NEPA bá lọ tí ẹ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ oníwáyà mẹ́ta, tí ẹni tó so wáyà bá sì ti gbé méjì fún ara wọn, mọ́tò iná á máa yí sẹ́yìn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ láàárín iṣẹ́: aago kan ọ̀sán ó ń gé, aago méjì ó ń họ irin bí ẹni ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé iṣu.

Nítorí náà, ẹ má tíì fi kọ́tà sí i. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn orí náà, kí ojú yín kọ sí ibi tí kọ́tà yóò kọ ojú sí, kí ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìyára tó kéré. Kọ́tà tó wọ́pọ̀ gbọ́dọ̀ yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí láti ibi tí ẹ dúró sí yẹn. Ẹ fi máákà ya ọfà sára àpótí náà. Lójoojúmọ́ tí iná bá ti yí padà, ẹ tún un wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó yí lófìfo fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, yálà gíríìsì ti gbẹ tàbí ẹnìkan ti kì í kún jù.

Títọ́ rẹ̀ kó gún

Ẹ fi ọ̀pá tó gún tó sì dán sínú collet orí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ẹnu tó ń fún mọ́ ẹsẹ̀ kọ́tà. Ẹsẹ̀ end mill gígùn kan máa ṣe é bí ẹ kò bá ní ọ̀pá àyẹ̀wò. Fún ṣáfútù mi, ojú orí ẹ̀gbẹ́ kọ sí ọ̀nà gígùn tábìlì, ìyẹn X. Mo gbé dial gauge kalẹ̀ sórí tábìlì, mo fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, mo sì wa tábìlì lọ ní X.

Nígbà àkọ́kọ́, ó fi 0.31 mìlímítà yàtọ̀ lórí ìrìn 60. Ojú lásán ni mo fi tọ́ ọ, ohun tí ojú sì lè ṣe mọ nìyẹn. Mo dẹ bóòtù kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo wọn, mo fi òòlù onírọ́bà kàn án pẹ́ pẹ́, mo tún wa tábìlì. 0.12. Mo tún kàn án. Ó kọjá lọ sí òdìkejì. Ìgbà karùn-ún ló dúró sí 0.01, mo wá fún bóòtù, mo tún wò ó, nítorí fífún bóòtù fúnra rẹ̀ máa ń mi í.

Ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ó ku òkè. Ẹ fi ẹnu dial gauge lé orí ọ̀pá náà, kí ẹ tún wa tábìlì. Bí òkè bá ń lọ sókè tàbí sódò, kò sí bóòtù tó máa tún un ṣe lára orí ẹ̀gbẹ́. Orí ńlá ni kí ẹ tẹ̀ díẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà Y, ìyẹn iwájú sẹ́yìn tábìlì, ni orí ẹ̀gbẹ́ kọ ojú sí, ìtẹ̀síwájú-sẹ́yìn orí ńlá ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Ọ̀pá náà lè má jókòó dáadáa nínú collet, kó máa fì. Ẹ ka òǹkà ní ibì kan, kí ẹ yí sípíńdù ní ìlàjì, kí ẹ tún kà á, àárín méjèèjì ni òtítọ́.

Èwo nínú méjèèjì ló ṣe pàtàkì jù? Fún sílọ́ọ̀tì tí mò ń là ní ìbú, ti òkè ni. Bí ẹ̀gbẹ́ bá wọ́ díẹ̀, ìsàlẹ̀ sílọ́ọ̀tì á kàn tẹ̀ kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí òkè bá wọ́, ògiri sílọ́ọ̀tì méjèèjì ló máa dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dígírì kan péré, lórí jíjìn 10 mìlímítà, á fún yín ní 0.17 mìlímítà. Ahọ́n kọ́pílìn kò ní wọlé, bó bá sì wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa gbé gbogbo ẹrù.

Ṣáfútù lórí tábìlì

Mo gbé ṣáfútù náà lé V-block méjì, irin tó ní kòtò bíi lẹ́tà V lórí, mo dè é pa, mo sì jẹ́ kí ojú orí rẹ̀ yọ síta ní bíi 40 mìlímítà. Ìyókù gùn kọjá tábìlì lápá òsì. Ṣáfútù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ wúwo tó kílò 14, ẹ rí i pé V-block kejì jìnnà sí àkọ́kọ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń wá àárín rẹ̀ nìyí. Ẹ yọ ọ̀pá àyẹ̀wò, kí ẹ fi dial gauge olápá sí sípíńdù orí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀yìn ṣáfútù níbi tó yọ síta yẹn. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí àárín gíà kí sípíńdù lè rọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i ká. Òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí òkè bá fi 0.20 ju ìsàlẹ̀ lọ, 0.10 ni kí ẹ gbé tábìlì sún, kì í ṣe 0.20. Kí ẹ sì máa parí ìrìn tábìlì lọ sókè nígbà gbogbo. Bí ẹ bá kọjá, ẹ rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún gbé e bọ̀.

Gígé

End mill tó nípọn ní mìlímítà 10, onírin HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìgé), eyín mẹ́rin ni mo lò. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ mú mítà 25 nínú ìṣẹ́jú kan fún irin rírọ̀, ẹ sọ ọ́ di mìlímítà, kí ẹ fi 3.14 àti ìnípọn kọ́tà pín in. Yóò fún yín ní bíi 796. Ẹ̀rọ mi ní 660 àti 1115, mo mú 660. Lórí orí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa mú èyí tó rẹlẹ̀.

Mo fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti fi máìkírómítà wọn wá ojú irin. Ẹ̀rọ ń yí, mo ń sún tábìlì bọ̀ ní X, nígbà tí kọ́tà já bébà gbà lọ́wọ́ mi, mo mọ ibi tí mo wà. Ẹ di bébà náà mú ní etí, kó gùn, kí ìka yín jìnnà. Mo tún gbé e sún ní 1.5, mo ti X pa, mo sì wa Y kọjá lọ. Ní gbogbo ìgbà, ẹ ti ọ̀nà tí ẹ kò lò pa. Títí dé 9.8 ni mo fi 1.5 tàbí díẹ̀ sí i gé, 0.2 tó kù ni mo fi parí ìsàlẹ̀.

Sílọ́ọ̀tì ti fẹ̀ ní 10, ó ku 2. Mo gbé tábìlì sókè ní 1 kí n lè gé ògiri ìsàlẹ̀. Fún ògiri òkè, mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kọjá ibi tí mo fẹ́, mo wá gbé e bọ̀ sókè dé 1 lódìkejì àárín. Níbí, ẹ wo ìhà tí kọ́tà ń yí sí dáadáa. Eyín kọ́tà gbọ́dọ̀ máa tako irin bó ṣe ń bọ̀. Bí eyín bá ń fa irin mọ́ra, àlàfo kékeré tó wà nínú sukúrúù tábìlì àti èyí tó wà láàárín gíà orí ẹ̀gbẹ́ á para pọ̀, kọ́tà á sì fò wọ irin. Ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: ariwo kéékèèké bíi ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ dín jíjìn kù, ẹ má sáré fi kún ìyára.

Bí ẹ bá fẹ́ igun tí kì í ṣe 90

Àwọn orí kan dúró sí 45 láìyí, àwọn mìíràn ní ìlà dígírì lára tí ẹ lè yí sí ibi tó wù yín. Ìlà dígírì yẹn wà fún kí ẹ sún mọ́ ibẹ̀, kò wà fún ìparí iṣẹ́. Mo máa ń lo sine bar, ọ̀pá irin tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè láti rí igun tó péye. Lórí èyí tó gùn ní 100 mìlímítà, mo máa to gauge block, irin tí ìwọ̀n rẹ̀ péye, sí abẹ́ rẹ̀: 50 mìlímítà fún 30 dígírì, 70.71 fún 45. Mo wá fi dial gauge sí sípíńdù orí náà, mo yí i ká lórí ojú sine bar tó dàgẹ̀rẹ̀ yẹn. Bí òǹkà bá dúró síbì kan náà yíká, sípíńdù ti kọ ojú sí i gan-an.

Àwọn tó ń lo CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, náà ní irú orí yìí, ṣùgbọ́n tiwọn kì í di quill mú. Ó ń wọ sípíńdù bíi kọ́tà yòókù, òpó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń wọ bulọ́ọ̀kù lára ẹ̀rọ kí àpótí rẹ̀ má baà máa yí. Bí òpó yẹn kò bá jókòó tí ẹ sì tan ẹ̀rọ, ẹ sá.

Bí iṣẹ́ bá parí

Ẹ yọ kọ́tà kúrò ṣáájú ohunkóhun. Ẹ dá igi padà sórí tábìlì, kí ẹ gbé tábìlì sókè títí igi yóò fi kan ìsàlẹ̀ orí náà, kí ó sì gbé e díẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù. Mo ti rí ẹni tó dẹ bóòtù ṣáájú, tí orí náà já bọ́ sórí tábìlì, kòtò tó dá síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ẹ nù ún, ẹ fi ọ́ìlì pa ojú tó ń dì mọ́ quill, kí ẹ kó búùṣì, ọ̀pá agbára àti sípánà rẹ̀ sínú àpótí kan náà pẹ̀lú rẹ̀.